Àmì "e" aláwọ̀ búlúù, àti àdéhùn tí Microsoft fọwọ́ sí nílé ẹjọ́

Ẹ̀yin tí ẹ lo cybercafé láyé ìgbà kan, ẹ ó rántí àmì "e" aláwọ̀ búlúù yẹn. Kéèyàn tó wo èsì JAMB, "e" ni. Kéèyàn tó ṣí Yahoo Mail, "e" ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lórúkọ, íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n ń pè é. Internet Explorer lorúkọ ẹ̀, Microsoft ló sì ni ín. Kì í ṣe pé ó kàn ṣèèṣì wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà o. Lọ́dún 1997, ìjọba Amẹ́ríkà wọ́ Microsoft lọ sí kóòtù lórí ẹ̀. Wọ́n ní iléeṣẹ́ náà ti rí ilé ẹjọ́ fín, wọ́n sì ní kí adájọ́ máa gba mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi jáwọ́.

Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Ohun tó fa ìjà ni ìwé àdéhùn kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn. Èmi àti ìwọ ń ṣẹjọ́, ó sú wa, a jókòó, a fẹnu kò. A kọ ohun tí a fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, a gbé e lọ bá adájọ́, adájọ́ fọwọ́ sí i. Láti ìgbà yẹn lọ, kì í ṣe ìwé àárín èmi àti ìwọ mọ́. Ó ti di àṣẹ ilé ẹjọ́. Tí mo bá yẹ àdéhùn lásán, ìwọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá yẹ èyí, ọ̀dọ̀ adájọ́ yẹn náà lo máa padà sí, wàá ní, "Olúwa mi, ẹ wò ó, ó ti fojú di yín."

Ó wà nílé wa níbí náà. "Terms of settlement" làwọn lọ́yà ń pè é kó tó di ìdájọ́. Tó bá sì ti dìdájọ́, abala 241 nínú òfin ọdún 1999 sọ pé o ò lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀ àyàfi tí kóòtù bá kọ́kọ́ gbà ọ́ láyè. Torí ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ pé o gbà. Tí o bá wá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, Form 48 ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ọ, ìkìlọ̀ nìyẹn. Form 49 ló máa ní kí o wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní jù ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé tí lọ́yà bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí torí pé "ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán".

Ó yá, ká padà sí Amẹ́ríkà.

Láti 1990 ni àjọ FTC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ káràkátà níbẹ̀, ti ń tọpinpin Microsoft. Àwọn kọmíṣọ́nnà wọn pín sí méjì ọgbọọgba, ọ̀rọ̀ ò lójútùú, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀ka Ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1993. Ẹ̀sùn tó gbóná jù lọ nígbà yẹn jẹ́ nípa bí Microsoft ṣe ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ fojú inú wo iléeṣẹ́ mínírà kan tó lọ bá ìyá tó ń ta ohun tútù ní gáréèjì. Wọ́n ní, "Màmá, a ó dín owó kù fún yín dáadáa. Àmọ́ gbogbo ìgò tó bá ti kúrò nínú fìríìjì yín, tiwa ni o, ti ẹlòmíràn ni o, ẹ ó sanwó ẹ̀ fún wa." Màmá wo ẹ̀dínwó náà, ó gbà. Ta ló tún máa wá bá a ta mínírà míì? Bí Microsoft ṣe ṣe é nìyẹn: gbogbo kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ kan bá kó jáde, ó ń sanwó MS-DOS lórí ẹ̀, yálà MS-DOS wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje 1994, Microsoft gbà láti jáwọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù jọ jókòó sí àdéhùn náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú Adájọ́ Stanley Sporkin, bàbá náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò tó, ó ní ìjọba ti rọra jù. Ó ti lọ ka ìwé kan tí àwọn oníròyìn kọ nípa Microsoft, ó sì ń bi àwọn lọ́yà ní ìbéèrè látinú ẹ̀! Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ìdájọ́ ẹ̀ nù ní oṣù Kẹfà 1995, wọ́n sì gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Adájọ́ Thomas Penfield Jackson ló wá fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Windows 95 jáde.

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta yẹn sọ́kàn. Ìwé àdéhùn náà ń bójú tó ìjà àná, ti òní ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

Torí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ yẹn náà, iléeṣẹ́ kan tí kò tíì pé ọdún méjì, Netscape, ta ìpín ìdókòwò ẹ̀ fáwọn aráàlú fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi dọ́là 28 lé ìpín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọjà máa ṣí, dọ́là 71. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó dúró sí dọ́là 58 àti díẹ̀. Browser ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ohun tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó sì ń já Microsoft láyà ni pé Netscape lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Tí gbogbo nǹkan téèyàn ń ṣe bá kó sínú browser tán, ta ló tún máa bìkítà bóyá Windows ló wà lábẹ́ ẹ̀? Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Bill Gates ti kọ ìwé sáwọn ọ̀gá iṣẹ́ ẹ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ìgbì omi òkun tó ń bọ̀, kí gbogbo wọn kọjú sí i.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ Internet Explorer nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Netscape ń gbowó lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́, Microsoft ní tàwọn, kẹ́ ẹ mú un lọ. Ẹ̀dà Windows 95 tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní ṣọ́ọ̀bù ò ní Internet Explorer nínú, àmọ́ èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní in. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn máa di ọ̀rọ̀ ńlá níwájú adájọ́.

Kí ni àdéhùn 1995 sọ wàyí? Ibí yìí ló dùn sí. Gbólóhùn kan sọ pé Microsoft ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó tó lè gba Windows, ó gbọ́dọ̀ gba ọjà Microsoft míì mọ́ ọn. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ìrù kan sí i, pé gbólóhùn yẹn ò dí Microsoft lọ́wọ́ láti máa ṣe ọjà tó jẹ́ àpapọ̀, èyí tí nǹkan méjì ti di ọ̀kan nínú ẹ̀.

Nítorí náà, ṣé ọjà méjì ni Windows àti Internet Explorer ni, àbí ọ̀kan? Tó bá jẹ́ méjì, Microsoft ti rú àṣẹ kóòtù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn, kálukú wọn sì gbé ìtumọ̀ tiẹ̀ lọ sílé.

Lọ́dún 1996, Compaq, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà jù lọ láyé nígbà náà, yọ àmì Internet Explorer kúrò lójú kọ̀ǹpútà Presario wọn, wọ́n fi ti Netscape síbẹ̀. Microsoft kọ lẹ́tà sí wọn ní oṣù Karùn-ún pé àwọn máa gba Windows 95 kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbọ́ ná, Compaq láìsí Windows, kí ni wọ́n fẹ́ tà? Kíá ni wọ́n dá àmì "e" padà.

Ìlú ti ń gbóná. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 1997, Microsoft ṣe ayẹyẹ Internet Explorer 4 ní San Francisco. Lóru ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbé "e" ràgàjì kan lọ sórí koríko iwájú ọ́fíìsì Netscape ní Mountain View, wọ́n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ Netscape taari ẹ̀ ṣubú, wọ́n gbé ère ẹranko dáínásọ̀ wọn, Mozilla, gùn ún lórí. Ẹ̀rín ni, àmọ́ ẹ̀rín tí inú ń bí.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Janet Reno, Agbẹjọ́rò Àgbà Amẹ́ríkà, àti Joel Klein tó ń darí ẹ̀ka tó ń gbógun ti ìjẹgàba ọjà, kéde pé àwọn ti padà sọ́dọ̀ Adájọ́ Jackson. Kì í ṣe ẹjọ́ tuntun. Ẹ rí i, àǹfààní àṣẹ ìfohùnṣọ̀kan nìyẹn. Wọ́n ní Microsoft ti rú àṣẹ 1995, kí adájọ́ kéde pé wọ́n ti rí ilé ẹjọ́ fín, kó sì bu mílíọ̀nù kan dọ́là lé wọn lójúmọ́. Lẹ́tà Compaq wà lára ẹ̀rí wọn. Steve Ballmer, tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Gates, sọ̀rọ̀ àbùkù sí Reno ní gbangba. Èmi ò rí ọgbọ́n nínú ìyẹn, kéèyàn máa jẹ́jọ́ àrífín kó tún máa fi ẹnu ara ẹ̀ kó ẹ̀rí jọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, Jackson ṣèdájọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìròyìn yẹn lọ́nà tí kò tọ́, torí pé Microsoft pàdánù, àmọ́ wọn ò jẹ̀bi àrífín. Jackson ní gbólóhùn àdéhùn náà ò ṣe kedere tó. Òfin àrífín sì rèé: o ò lè fìyà jẹ ẹnì kan pé ó rú àṣẹ tí ìtumọ̀ ẹ̀ ń ṣe kóńdókóńdó. Àṣẹ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara kó tó di pé ẹni tó rú u di aláfojúdi. Tí iyèméjì bá wà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ni ín.

Mo rò pé ó tọ̀nà níbẹ̀. Àwọn lọ́yà ìjọba ló jókòó níbi tí wọ́n ti kọ ìrù yẹn sí gbólóhùn náà. Wọn ò sọ ohun tí "àpapọ̀" túmọ̀ sí. Téèyàn bá fi ẹnu ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kò lè bínú sí olè ju bó ṣe yẹ lọ.

Àmọ́ Jackson ò dúró síbẹ̀. Ó gbé àṣẹ tuntun kalẹ̀, àṣẹ ìdádúró fúngbà díẹ̀: títí ẹjọ́ á fi parí, Microsoft ò gbọdọ̀ fi dandan lé e mọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ Windows gbọ́dọ̀ gba browser wọn. Ìjọba ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún irú àṣẹ yẹn. Ó tún yan ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Harvard, Lawrence Lessig, pé kó wá bá a wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ti Lessig dúró lóṣù Kejì 1998.

Ẹ wá wo ohun tí Microsoft ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn àṣẹ, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán láti gbọ́ràn. Wọ́n fún àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní: ẹ gba Windows 95 bó ṣe wà, pẹ̀lú browser. Èkejì: ẹ gba Windows 95 àtijọ́, ti ọdún méjì sẹ́yìn, tí kò ní browser. Ẹ̀kẹta: ẹ gba Windows 95 tuntun, a ó yọ gbogbo fáìlì Internet Explorer kúrò nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n a ń sọ fún yín o, tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà náà, kò ní tàn.

Kò ní tàn! Bí ẹni tí bàálẹ̀ ní kó dá ẹṣin onílé padà, tó bẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin kó tó fà á lé e lọ́wọ́, tó wá ní, "Ṣebí ẹṣin lẹ ní kí n dá padà?"

Inú bí ìjọba. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, wọ́n tún kọ̀wé pé àrífín ni. Lọ́tẹ̀ yìí, àṣẹ tí wọ́n ń sọ ò ṣe kóńdókóńdó rárá. Ní ọjọ́ 19, Jackson sọ ní kóòtù pé òun ti ní kí ẹnì kan bá òun yọ Internet Explorer kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọ̀nà tí Windows fúnra ẹ̀ fi ń yọ nǹkan kúrò. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 90. Kọ̀ǹpútà náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ geerege. Microsoft ṣàlàyé pé àmì lásán nìyẹn yọ, àwọn fáìlì ṣì wà lábẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ o, tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ. Àmọ́ adájọ́ ò bi wọ́n ní ìbéèrè ẹ̀rọ. Ohun tó bi wọ́n ni pé, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?

Ní oṣù Kìíní 1998, wọ́n pe David Cole, igbákejì ààrẹ kan ní Microsoft, láti jẹ́rìí. Adájọ́ bi í bóyá ó dá a lójú pé òun pàṣẹ kí wọ́n gbé ọjà tí kò ṣiṣẹ́ jáde. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tẹ̀ lé àṣẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sì sí lára iṣẹ́ òun láti ro ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Mo ti ka ìdáhùn yẹn lákàtúnkà. Ìgbọràn ni Microsoft sọ ọ́ di ohun ìjà. Ẹ mọ irú ọmọ tí wọ́n ní kó lọ pa iná ìkòkò, tó da omi síná, tó da sínú ọbẹ̀, tó sì tún dúró síbẹ̀ pé òun ti pa á.

Jackson ò padà dá ẹ̀sùn àrífín kejì yẹn rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní, Microsoft tún fọwọ́ sí àdéhùn míì: àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lè gba Windows 95 tuntun, kí wọ́n bo àmì "e" mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90 yẹn náà ni. Àdéhùn lórí àdéhùn.

Ní oṣù Kẹfà, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àṣẹ ìdádúró yẹn nù. Wọ́n ní Jackson ò jẹ́ kí Microsoft mọ̀ ṣáájú pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, kò fún wọn láyè láti dáhùn. Wọ́n tún sọ ìtumọ̀ tí wọ́n rò pé "àpapọ̀" ní: tí pípa nǹkan méjì pọ̀ bá fún oníbàárà ní àǹfààní tí kò lè rí tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ pa wọ́n pọ̀, ó ti di ọjà kan. Wọ́n ní kóòtù kọ́ ni ó yẹ kó máa ya àwòrán bí ẹ̀rọ ṣe máa rí. Adájọ́ kan nínú àwọn mẹ́ta ò gbà pẹ̀lú àwọn yòókù délẹ̀, àmọ́ àwọn méjì ló ń borí.

Tí ìjọba bá ti gbára lé àṣẹ 1995 nìkan, ó tán nìyẹn. Wọ́n ti gbọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, oṣù kan ṣáájú ìdájọ́ yìí, wọ́n ti gbé ẹjọ́ tuntun jáde lábẹ́ òfin Sherman ti 1890, àwọn àti ìpínlẹ̀ 20 pẹ̀lú Washington. Ìyẹn lẹjọ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. N ò ní tú u síbí. Jackson ní kí wọ́n pín Microsoft sí méjì lọ́dún 2000. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2001 gbà pé Microsoft jẹgàba lọ́nà tí kò bófin mu, àmọ́ wọ́n da pípín náà nù, wọ́n sì yọ Jackson kúrò nínú ẹjọ́ torí pé ó ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Adájọ́ méjì, Sporkin àti Jackson, ni ọ̀rọ̀ Microsoft ti gba ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn.

Netscape ò rí ìparí ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ tó dá dúró. AOL kéde ní oṣù Kọkànlá 1998 pé àwọn máa rà á. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ni kóòdù tí wọ́n tú síta fún gbogbo ayé lóṣù Kẹta ọdún yẹn lábẹ́ orúkọ dáínásọ̀ yẹn, Mozilla. Inú ẹ̀ ni Firefox ti jáde.

Báwo wá ni ẹjọ́ ńlá náà ṣe parí? Ẹ ti mọ̀. Àdéhùn. Ìjọba àti Microsoft fẹnu kò lóṣù Kọkànlá 2001, Adájọ́ Colleen Kollar-Kotelly fọwọ́ sí i lọ́dún 2002, wọ́n sì sún un síwájú títí ó fi parí ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2011.

Mi ò bá dúró síbí, àmọ́ Yúróòpù ò jẹ́.

Iléeṣẹ́ Opera láti Norway ti lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ lọ́dún 2007, lórí "e" yẹn náà. Ní oṣù Kejìlá 2009, Microsoft ṣèlérí fún àwọn aláṣẹ Yúróòpù, ìlérí tí òfin dè fún ọdún márùn-ún: ẹni tó bá ń lo Windows, tó jẹ́ Internet Explorer ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, máa rí ojú ìwé kan tó máa to oríṣiríṣi browser síwájú ẹ̀ pé kó mú èyí tó wù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìrù lẹ́yìn gbólóhùn. Ó mọ́ gaara.

Àfi bí ojú ìwé náà ṣe pòórá lórí Windows 7 Service Pack 1. Láti oṣù Karùn-ún 2011 ni, oṣù tí àdéhùn ti Amẹ́ríkà parí gan-an (n ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì o, mo kàn ní kẹ́ ẹ wo ọjọ́ náà ni), títí di oṣù Keje 2012. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 èèyàn ni ò rí i. Microsoft ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, wọ́n sì bá àwọn aláṣẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nínú ìwádìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2013, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 561 yúró lé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn aláṣẹ Yúróòpù máa fìyà jẹ iléeṣẹ́ kan torí pé ó yẹ irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Wọn ò jiyàn pẹ́ lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ ní ẹ ó fi hàn wọ́n, ẹ ò fi hàn wọ́n, ẹ sanwó.

Nígbà yẹn, Chrome ti Google ti ń gba ọjà lọ́wọ́ Internet Explorer. Microsoft fúnra wọn ló pa àmì "e" náà tì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2022.